Ọjọ́ márùn-ún ní Kétu: ewé, eérú, àti oúnjẹ tí kò rí ìkòkò

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ohun tó gbé mi dé Kétu, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Oúnjẹ ni mò ń tà l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ láàárọ̀, ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́sàn-án. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti pa ewé tì tí mò ń da ọ̀lẹ̀lẹ̀ sínú sáṣẹ́ (àpò ike), kì í ṣe pé mi ò mọ̀ pé ewé dáa jù, ewé ló wọ́n, fífọ̀ ẹ̀ sì ń jẹ àkókò. Òfin wà o, láti 2017 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ṣòfin pé ká yé lo sáṣẹ́ tí kì í jẹrà, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ọjà kẹ́ ẹ wá sọ fún mi. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ tíṣà ló là á mọ́lẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní ìyá, ọ̀lẹ̀lẹ̀ yín ti ń rùn bí ike. Ó dùn mí wọra, torí òótọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fídíò kan hàn mí lórí pọ̀táàbù (fóònù) ẹ̀, àwọn ará inú igbó ní Malaysia tí wọ́n ń pè ní Orang Asli, wọ́n gé ọparun tútù, wọ́n fi ewé tẹ́ inú ẹ̀, wọ́n da ìrẹsì àti omi sí i, wọ́n fi ewé dí ẹnu ẹ̀, wọ́n gbé e ti iná. Nígbà tó jinná wọ́n là á bí ẹni la ìrèké. Ọmọ yẹn ní "Àǹtí, ẹ wò ó, wọn ò ní ìkòkò." Màmá mi tó jókòó tó ń ṣa ẹ̀wà ò tiẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ní "Àbúrò ìyá mi tó wà ní Kétu, títí dòní olónìí, kì í gbé ìkòkò lọ oko." Bí mo ṣe di ẹrù mi nìyẹn.

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́bọ̀ 6 Oṣù Kẹfà 2024

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni mo dé Wàǹdó, ibi tá a ti ń wọkọ̀ l'Ájàṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ Kétu kó má pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń tètè kún, tó bá ti di aago mẹ́sàn-án ẹ lè jókòó wákàtí méjì kẹ́ ẹ máa wo dẹ́rẹ́bà tó ń pe èrò. 3,500 sẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, mo ní bàbá, ṣé ojú àlejò ni ẹ rí lójú mi ni, ó rẹ́rìn-ín, ó gba 3,000. Àwa mẹ́rin lẹ́yìn, àwọn méjì níwájú pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà, apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan lórí ẹsẹ̀ mi tí kì í ṣe tèmi.

Iléyá kù bí ọjọ́ mẹ́wàá, gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè ló di àgbò sórí, orí wọn ń mì lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó ń kí wa. Èyí tí kò gbé àgbò gbé èédú. Àpò èédú lórí àpò èédú, débi pé ẹ ò ní mọ̀ pé mọ́tò ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Mo ń wò wọ́n, mo ń sọ nínú ara mi pé igbó tí mò ń lọ wò ló ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí.

A dé Pọ́bẹ̀, a dúró jẹun. Ẹ̀kọ méjì, 50 sẹ́fà ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹja díndín 300, ata lọ́fẹ̀ẹ́. Pọ́bẹ̀ ni ilé ìwádìí ọ̀pẹ wà láti 1922, ọ̀pẹ tó tò lọ gbọnrangandan bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, igbó kékeré kan sì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n gé. Ìyá ẹlẹ́kọ ni mo bi níbo ló ti ń rí ewé. Ó ní kí n má bínú, òun ò lè sọ ibi tóun ti ń ra ọjà òun fún ẹni tó ń tà irú ẹ̀. Ó bá a mu, èmi náà ò ní sọ.

A kúrò ní Pọ́bẹ̀, a wọ ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí. Ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀ rí, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, tí òjò bá rọ̀ sí i ńkọ́, bí àmàlà tí omi pọ̀ jù ló ṣe ń rí, ẹsẹ̀ tó bá wọ̀ ọ́, bàtà ló máa fi sílẹ̀. Nígbà ogun 1914 sí 1918 tí àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí Faransé, ilẹ̀ yìí náà bá wọn jà. Lónìí títì ọlọ́dà ti gbà á kọjá, Ọlọ́run ṣé, torí ibẹ̀ gan-an ni táyà wa ti lọ. Dẹ́rẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó yọ sípéà, sípéà náà ò ní afẹ́fẹ́. Gbogbo wa dákẹ́. Ọkùnrin kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì epo sórí alùpùpù ló dúró, ó sọ kẹ́ẹ̀gì ẹ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa (ẹni tí kò mọ̀ wá rí o), ó gbé táyà àti dẹ́rẹ́bà lọ, wọ́n padà dé lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú. A dáwó fún un, ó kọ̀ ọ́. Ó ní ká ṣáà kí Kétu fóun.

Nǹkan bí aago kan la wọ Kétu. Mo ní kí onízẹ̀mí (ọlọ́kadà) gbà mí gba Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu odi àtijọ́ yẹn, kí n fojú rí i. Ìlú tí Dahomey kó ní 1886, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ṣì dúró. Zẹ̀mí, 300. Yá Àgbà, àbúrò ìyá màmá mi yẹn, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà (yá ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀), wọ́n wojú mi títí, wọ́n ní "O ti sanra ju ìyá ẹ lọ," ìyẹn ni ẹ káàbọ̀.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Ẹtì 7 Oṣù Kẹfà

Aago márùn-ún ni Yá jí mi. Mo ro pé mo tètè jí l'Ájàṣẹ́, mi ò mọ nǹkan kan.

Ilé ìdáná wọn ò ní ògiri, òrùlé ìmọ̀ lórí igi mẹ́rin, ààrò mẹ́ta lábẹ́ ẹ̀. Amọ̀ ògán ni wọ́n fi mọ ààrò yẹn, Yá ní amọ̀ lásán máa ń là tí iná bá pẹ́ lára ẹ̀, ti ògán kì í tètè là torí ikán ti pò ó tẹ́lẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò ra gáàsì, torí ọmọ wọn ti rà á fún wọn, mo rí i nínú yàrá, wọ́n fi aṣọ bò ó bí òkú. Wọ́n ní gáàsì ò mọ eérú ṣe. Mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ iná ni wọ́n ń sọ ìtàn fún mi. Wọ́n ní nígbà tí àwọn tó tẹ Kétu dó débẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú, iná wọn ti kú lọ́nà. Ọdẹ tó ṣáájú wọn ló lọ tọrọ iná lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan, Yá Kpànkú, Fọ̀n sì ni ìyá yẹn, kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá fẹ́ fi Alákétu tuntun jẹ, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ ya ilé Kpànkú. "Iná tó o rí yìí, àwìn ni," báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́, wọ́n sì tú erúku kúrò lójú wọn.

Iṣẹ́ ewé ló wá kàn. Ewé eéran ni, èyí tó fẹ̀ tó sì ní igi gígùn nídìí. Mo ti ń lò ó látọjọ́ tí mo ti dáyé, mo ro pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi. Ẹ wo ohun tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀: mo ń fọ̀ ọ́, mo ń ká a, ó ń ya, mo ń bú ẹni tó tà á fún mi. Yá mú ewé kan, wọ́n nà án kọjá lórí iná lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn ẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń lọ aṣọ. Àwọ̀ ẹ̀ yí padà lójú mi, ó ti kúrò ní àwọ̀ ewé tó le, ó ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró para, ó sì rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ bó eegun ẹ̀yìn ẹ̀ kó lè tẹ̀ pẹrẹsẹ láì gé ojú ewé. Wọ́n ká a bí òkòtó, wọ́n tẹ ìdí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sẹ́yìn, wọ́n bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i, kò jò. Ewé mọ́kàndínlógún, ìkankan ò ya. Èmi ya mẹ́ta nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ torí mo jẹ́ kó pẹ́ jù lórí iná, ewé tó bá ti pẹ́ á gbẹ á sì fọ́ bí ìpẹ́pẹ́.

Igi ìdí ewé ńkọ́? Àwa tá à ń tajà ń jù ú nù. Yá tò ó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ọ̀pọ̀ ẹ̀, ó dàbí ẹní, wọ́n da omi díẹ̀ sí i tí kò bo igi yẹn, ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá jókòó sórí ẹ̀. Ooru omi ló ń sè é, omi fúnra ẹ̀ ò kàn án. Èyí tó tín-ín-rín níbẹ̀ ni wọ́n fi so ẹnu. Ife omi méjì péré, mo kà á, fún ọ̀lẹ̀lẹ̀ mọ́kàndínlógún! Èmi máa ń lo ìdajì bókẹ́ẹ̀tì.

Mo sọ ọ́ pé wọ́n ṣọ́ omi lò. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. Omi ni wàhálà Kétu látayébáyé, orí òkè ni ìlú wà, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn gan-an, nígbà èwe wọn ìkòkò òjò ni wọ́n fi ń gbé e, ẹni tó bá ní ìkòkò òjò mẹ́wàá nílé lolówó. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń jí lóru lọ pọnmi. Nísinsìnyí ẹ̀rọ omi ti dé, bídọ̀ọ̀ (kẹ́ẹ̀gì) kan 25 sẹ́fà níbi tá a ti pọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ Yá ò tíì mọ̀ pé omi ti dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa lọ: ewé tó dáa jù lẹ máa rí lọ́jà kí oòrùn tó mú, ìdì kan 200 sẹ́fà, mo ka 40 nínú ìdì tèmi. L'Ájàṣẹ́ 20 ni mo ń rí lówó kan náà.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́ Àbámẹ́ta 8 Oṣù Kẹfà

Oko. Ọjọ́ tí mo tìtorí ẹ̀ wá.

Ọmọ Yá, ẹni tí mò ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ló gbé wa, Yá láàárín, èmi lẹ́yìn, lọ́nà Ìlárá, a wá yà sínú ọ̀nà oko. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ti ń ta bẹntiróò kpayo (ti fàyàwọ́) nínú ìgò, a da ìgò kan sí i. Ohun tá a gbé lọ: àdá, ọkọ́, iyọ̀ tí wọ́n dì mọ́ etí ìró, irú bí ìka ọwọ́, ata tútù mẹ́rin, epo pupa nínú ìgò kékeré. Kò sí ìkòkò, kò sí àwo, kò sí ṣíbí. Mo gbé ike omi lítà kan àbọ̀ fún ara mi, Yá ní kí n rọra mu ún, torí òun kan náà la máa fi fọwọ́.

Èmi tí mo ti ń ro pé màá rí igbó kìjikìji. Igbó yẹn ti di ìtàn ní ọ̀pọ̀ ibi. Igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ wà, ti Kétu àti ti Dógò, ṣùgbọ́n níbi tá a dé, igbó kù bí àfọ́kù, ìdí igi ńlá díẹ̀ níbi tó bọ́ sí àfonífojì, ibẹ̀ ni ewé eéran ti ń hù torí ó fẹ́ òjìji. Yá bẹ̀rẹ̀, wọ́n tú ìdí ewé, wọ́n fa nǹkan pupa kan yọ látinú ilẹ̀ tó ní igun mẹ́ta, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n ní kí n lá ohun tó bo kóró dúdú inú ẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ṣúgà ò tó o? Mo mu omi lẹ́yìn ẹ̀, omi náà dùn. Wọ́n ń yọ nǹkan dídùn yẹn ní fáktírì lókè òkun, thaumatin ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń fi sí oúnjẹ. Gbogbo ọdún tí mo ti ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀, mi ò mọ̀ pé ewé mi ń so.

A rí olú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògán, òjò ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ló hù wọ́n, àwọn kan fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Mo fẹ́ já àwọn kan lápá ibòmíì tó funfun tó sì rẹwà, Yá gbá ọwọ́ mi. Olúwarẹ̀ ò gbọdọ̀ jẹ olú tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò tọ́ka sí. Ẹ jọ̀ọ́, èyí kì í ṣe àwàdà, ẹ má fi fọ́tò orí fóònù já olú jẹ o.

Báyìí ni wọ́n ṣe sè é. Bọ̀ọ̀dá dáná igi ayín, ó ní ayín kì í pariwo, kì í ta èta, ẹ̀yinná ẹ̀ sì máa ń pẹ́. Wọ́n jẹ́ kó jó wálẹ̀ pátápátá. Mo ti ń lúgọ láti gbé nǹkan lé e, Yá ní ṣé iná ni mo fẹ́ fún un jẹ ni. Nígbà tó ku ẹ̀yinná, wọ́n wọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ti gbóná bí ìdí ìkòkò. Wọ́n tẹ́ ewé mẹ́ta lórí ara wọn, àgbà ewé nísàlẹ̀, ọmọ ewé lókè. Wọ́n fi ọwọ́ ya olú, wọn ò gé e, wọ́n ní ọ̀bẹ ń jẹ́ kó bá omi jáde. Ata tí wọ́n fi òkúta tẹ̀, irú, iyọ̀, epo. Omi kò kàn án. Wọ́n ká a mọ́ra, wọ́n fi igi ewé so ó, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ gbígbóná yẹn, wọ́n fi eérú bò ó, ká tó wá fa ẹ̀yinná díẹ̀ lé eérú. Ohun tí wọ́n sọ nípa gáàsì lánàá wá yé mi lójú ibẹ̀. Iná ò gbọdọ̀ fojú kan ewé. Eérú ló ń sè é.

Mo yọ pọ̀táàbù, mo fẹ́ wo ìṣẹ́jú tó máa gbà. Yá ti gbé ọkọ́, wọ́n ń kọ ebè. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo lá jinná. "Ebè mẹ́jọ." Mo ro pé àwàdà ni. Wọ́n kọ ebè mẹ́jọ lóòótọ́, ẹni tó lé lọ́gọ́rin ọdún, wọ́n fi ọkọ́ gbá eérú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ewé òde ti di èédú, ó ń fọ́ lọ́wọ́, èyí tó tẹ̀lé e ti di àwọ̀ ilẹ̀, ti inú ṣì ń tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já a. Omi ti kún inú ẹ̀, omi ara olú nìkan, epo pupa léfòó lójú ẹ̀. Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàpèjúwe òórùn yẹn. Èéfín ni, àmọ́ kì í ṣe èéfín tó ń ta ojú, ó dàbí tíì tó le.

A fi iṣu sísun jẹ ẹ́. Iṣu náà inú eérú kan náà ló ti jáde, wọ́n ha èèpo dúdú ara ẹ̀ pẹ̀lú àdá. Tá a jẹun tán, Yá ju ewé sínú iná. Àwo ti mọ́. Wọ́n ní "Omi wo ni mo fẹ́ fi fọ ìkòkò lóko?" Gbólóhùn yẹn ni mo tún ń rò títí mo fi délé. Fídíò yẹn, ọmọ ní wọn ò ní ìkòkò. Ìkòkò wà nílé Yá, mo ka méjìlá. Wọ́n mọ ibi tí wọn ò ti nílò ẹ̀ ni.

Tèmi wá kàn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ìkejì fúnra mi. Mo pọ́n ọn dáadáa, mo tẹ́ ẹ, mo bò ó, mo kọ ebè, ìkẹta ni ẹ̀yìn ti ń dùn mí, mo ní á ti tó. Mo fi ọwọ́ fa á jáde, ó jó mi níka, mo jù ú sílẹ̀, ó tú, olú mi bọ́ sínú eérú. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Yá ṣa olú yẹn, wọ́n fẹ́ ẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́, eérú ń dún lẹ́nu wọn kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Wọ́n ní iyọ̀ ẹ̀ tó.

Òjò ká wa mọ́ ọ̀nà. Alùpùpù rì dé ìdajì táyà, a tì í, a tì í, bàtà mi apá òsì wà níbẹ̀ títí dòní. Ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko la sá sí, ìyá ilé yẹn ò bi wá lọ́rọ̀, ó mú ìró méjì tó gbẹ wá, ó ní ká bọ́ èyí tó tutù, ó gbé àgbàdo tútù sínú iná fún wa pẹ̀lú èèpo ẹ̀ lára. Èèpo yẹn náà iṣẹ́ ewé ló ń ṣe. Nígbà tá a fẹ́ dá ìró padà, ó ní ká mú un lọ, ká fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Ẹ wọ bàtà rọ́bà tẹ́ ẹ bá ń lọ ní Oṣù Kẹfà, ẹ má wọ sàńdáàsì bíi tèmi.

Ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́ Àìkú 9 Oṣù Kẹfà

Gbogbo ara ń ro mí, ebè mẹ́ta péré o. Mo jókòó sí ìdí ààrò ní gbogbo ọjọ́.

Tẹ́ ẹ bá gbójú sókè nínú ilé ìdáná Yá, àjà wà níbẹ̀, igi tí wọ́n tò sórí iná bí àkéte, èéfín ti pa á dúdú ó ń dán. Ìyẹn ni fìríìjì wọn. Àgbàdo irúgbìn so kọ́ síbẹ̀, kòkòrò kì í sún mọ́ ọn nítorí èéfín, ẹja wà, ọ̀yà gbígbẹ kan náà wà. Ọ̀yà yẹn kì í ṣe ti ìgbẹ́, Bọ̀ọ̀dá ló ń sìn ín lẹ́yìnkùlé, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sìn ọ̀yà ní Bẹ̀nẹ̀ báyìí. Yá ní adùn ẹ̀ ò tó ti inú igbó. Bọ̀ọ̀dá ní wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán.

Ìyá tó wà lódìkejì ń ṣe irú, mo lọ bá a. Ó ti se igbá (kóró tí wọ́n fi ń ṣe irú) láti àná, ó tún ń dáná sí i lóru. Wọ́n tẹ èèpo ẹ̀ kúrò nínú odó, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń da omi nù, wọ́n tún ń fọ̀ ọ́. Omi! Bídọ̀ọ̀ mẹ́fà lójú mi. Mo ní ṣé Kétu yìí náà ni. Ó ní láyé àtijọ́ odò ni wọ́n ń gbé e lọ, irú kì í ṣe iṣẹ́ ilé. Lẹ́yìn ìyẹn ó da ohun kan sí i tí wọ́n ń pè ní ìkpìrú, àwọn kóró mìíràn ni wọ́n fi ṣe é, ó ń jẹ́ kí irú rọ̀ kó sì tètè dé, àwọn Fọ̀n tó ń ṣe àfìtìn, irú tiwọn, kì í fi nǹkan kan sí tiwọn. Ó wá fi ewé bò ó, ó fi àpò bo ewé, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Mo ra ti 1,000, ó bu ẹ̀kún ọwọ́ kan sí i. Ọ̀kánjúwà mi ò jẹ́ kí n dì í dáadáa, gbogbo aṣọ inú báàgì mi ló ń rùn irú di òní.

Yá sọ fún mi lálẹ́ pé ewé tí wọ́n fi ń dì nǹkan kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ̀kọ, ewé eéran tàbí ewé gbódògì. Obì, tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ewé tíìkì fún ẹran lọ́jà, torí ó le. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá di dandan, ṣùgbọ́n ó máa ń ya, wọn ò fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n ní ó ń fi òórùn ara ẹ̀ síwájú oúnjẹ. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, iná bátìrì ti tán. Ohun tí mo rántí nìyẹn.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́ Ajé 10 Oṣù Kẹfà

Ìdì ewé mẹ́wàá ni mo rà, 2,000 sẹ́fà, irinwó ewé. Mo ti ṣírò ẹ̀ dáadáa, ewé ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn fún mi, tí mo bá sì fi 25 sẹ́fà kún ọ̀lẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, oníbàárà tó bá mọ̀ á san án. Yá fi àpò tó tutù bò ó, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí oòrùn rí i. Wọ́n fún mi ní ìdì eérú kan. Mo ní Yá, eérú wà l'Ájàṣẹ́. Wọ́n ní ti ayín ni.

Táksì padà, 3,000. Dẹ́rẹ́bà ní kí n gbé ewé sínú bọ́ọ̀tù, ó tutù níbẹ̀, mo gbé e síbẹ̀. Kò sọ fún mi pé a máa dúró ní Pọ́bẹ̀ gbé àgbò. Alhaji kan ló ni ín, àgbò ńlá, wọ́n so ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n tì í sínú bọ́ọ̀tù kan náà, mo tiẹ̀ bá wọn dì í mú. Láti Pọ́bẹ̀ dé Sákétẹ́ à ń gbọ́ ọ tó ń jẹ nǹkan, kán kán kán, Alhaji ní ẹ wo àgbò mi, ara ẹ̀ balẹ̀, ẹranko mìíràn á máa ké. Inú gbogbo wa dùn sí i.

A ṣí bọ́ọ̀tù ní Wàǹdó. Ìdì mẹ́rin ló kù, ìkarùn-ún ti di ìdajì, àpò Yá náà ti ya. Àgbò yẹn wò mí, igi ewé kan ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Alhaji tọrọ àforíjì títí, ó fẹ́ san owó ẹ̀, mo gba 1,000, ó tún kọ nọ́ńbà mi sílẹ̀ pé òun á fi ẹran ránṣẹ́ lọ́jọ́ Iléyá.

Mo pe Yá lálẹ́, mo ro pé wọ́n á bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi mú wọn, wọ́n ní kí n rí i dájú pé itan ni wọ́n fún mi, kí n fi eérú ayín sè é. Ewé tó kù, mo kà á, ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Mo ti rẹ ẹ̀wà.